Ẹ̀rọ Tó Kí Wa Kú Ará Fẹ́ra Kù

Yàrá fáìlì, ilé ìwòsàn,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì.

Ọmọ mi, Ẹnjiníà,

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ọ kí n tó gbé wàhálà kà ọ́ láyà. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́? Ara tèmi le, àfi ojú yìí tó ń ṣe mí bí ẹni pé èéfín wà nínú yàrá ní gbogbo ìgbà. Mo tẹ lẹ́tà yìí gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí, pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kò ṣeé sọ lórí fóònù, kí n fi sórí ìwé kí o lè rí gbogbo àmì rẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi kò tíì kú. Èmi àti òun la jọ ń darúgbó.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. O mọ̀ pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn ní yàrá yìí. Dókítà àgbà ti ra kọ̀ǹpútà mẹ́rin. Ẹni tí wọ́n gbà pé kó kọ iṣẹ́ inú rẹ̀ fi í sílẹ̀ láàbọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Dókítà wá ní bí oṣù Karùn-ún bá ń parí, ẹni tí kò bá mọ kọ̀ǹpútà lò ní yàrá fáìlì á máa lọ sílé. Èmi ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́. Mi ò lè pa ẹnu mọ́. Mo ní èmi ni mà á parí iṣẹ́ náà, nítorí ohun tí ọmọ mi ń ṣe jẹun lókè òkun nìyẹn. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

Mo ní ìwé kan tó ń kọ́ni ní PHP, èdè tí wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ẹ̀dà ẹ̀dà ni, ojú ìwé mélòó kan sì ti já nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí wọ́n ń pè ní switch. O máa fún un ní nọ́ńbà, á wá ìlà case tó bá nọ́ńbà náà mu, á sì sọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí a ṣe fẹ́ kó rí lẹ́nu ọ̀nà wa ni pé kí aláìsàn kọ nọ́ńbà ẹ̀ka tó wà lára káàdì rẹ̀ sínú àpótí kékeré kan lójú kọ̀ǹpútà, kó tẹ bọ́tìnnì, kí kọ̀ǹpútà sì sọ yàrá tó máa lọ fún un. Káàdì ẹni tó bá ti kú, òdo la máa ń kọ sí i, kí ẹbí rẹ̀ tó wá gba ìwé má baà lọ tò sáàárín àwọn aláìsàn. Èmi ni mo ronú òdo yẹn. Nígbà tí ìyá rẹ kú, wákàtí méjì ni mo fi tò ní yàrá aboyún kí n tó gba ìwé rẹ̀. Wo bí mo ṣe kọ ọ́:

switch ($nomba) {
case 1: $oro = "Ẹ lọ sí yàrá ojú.";
case 2: $oro = "Ẹ lọ sí yàrá eyín.";
case 3: $oro = "Ẹ lọ sí yàrá aboyún.";
case 0: $oro = "Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹni tó ni káàdì yìí ti di olóògbé. Ẹ lọ gba ìwé rẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn.";
}
echo $oro;

Mo tẹ 1, nọ́ńbà tèmi nítorí ojú yìí, ó kí mi kú ará fẹ́ra kù. Mo tẹ 2, ohun kan náà. Nọ́ọ̀sì kan wà níbí tí à ń pè ní Alábẹ́rẹ́, eyín ló ń dùn ún. Òun náà tẹ tirẹ̀, ó ní kí n sọ fún ẹ̀rọ náà pé òun kò tíì ṣetán. Gbogbo ilé ìwòsàn ló ti kú tán.

Sọ ibi tó ti bàjẹ́ fún mi. Kí o sì fi fọ́tò ibi tí o máa ń jókòó sí lẹ́nu iṣẹ́ ránṣẹ́, mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Èmi ni bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta.

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ má bínú pé lẹ́tà yín pẹ́ lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ ló gba ojú gba imú. Ìpàdé lórí ìpàdé la máa ń ṣe níbí. Bí a bá jáde nínú ọ̀kan, òmíràn ti ń dúró.

Ohun tó ń ṣe yín yẹn, nǹkan kékeré ni lójú àwa tí à ń ṣe é lójoojúmọ́. Ìlà òdo tó wà nísàlẹ̀ ló wúwo jù, òun ló ń fa àwọn yòókù sọ́dọ̀. Ẹ gbé e lọ sókè pátápátá. Lẹ́yìn náà kí ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀, kí ẹ tún un tàn. Gbogbo rẹ̀ á lọ sípò.

Ní ti fọ́tò, wọn kì í gbà kí a ya fọ́tò nínú ọ́fíìsì wa, nítorí àṣírí iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ fi ojú yín han àwọn tó wà ní yàrá ojú. Ẹ ò lè máa júwe ọ̀nà ibẹ̀ fún gbogbo ayé kí ẹ̀yin fúnra yín má dé ibẹ̀.

Ọmọ yín.


Yàrá fáìlì,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin.

Ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Lẹ́tà rẹ dé lánàá, mo sì ṣe bí o ṣe wí. Mo gbé òdo sókè, mo pa á, mo tún un tàn. Àwọn òkú ti jí, ṣùgbọ́n gbogbo wa ti lóyún. Nọ́ńbà yòówù kí n tẹ̀, yàrá aboyún ló ń rán mi lọ. Èmi ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Mo tẹ òdo, òkú náà lóyún. Alábẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

Èmi náà rẹ́rìn-ín níwọ̀nba. Lẹ́yìn náà mo mú ìwé mi, mo wá ibi tí wọ́n ti sọ pé ìlà kan lè wúwo ju èkejì lọ, mi ò rí i. Bóyá ó wà nínú ojú ìwé tó já. Alábẹ́rẹ́ bi mí lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ pé ṣé ó dá mi lójú pé ọmọ yìí mọ iṣẹ́ náà. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún odidi ọjọ́ méjì.

Dókítà àgbà ti mú ọjọ́. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀ ni a máa gbé e sẹ́nu ọ̀nà níṣojú gbogbo òṣìṣẹ́. Bó bá ṣiṣẹ́, mà á wà níbí títí agbára mi á fi tán. Bí kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á kí mi pé mo kú iṣẹ́. Mi ò mọ nǹkan mìíràn tí wọ́n ń ṣe láyé, ọmọ mi. Bí mo bá jí láàárọ̀ tí mi ò ní fáìlì kankan tí mà á wá fún ẹnikẹ́ni, mi ò mọ ohun tí mà á fi ọwọ́ yìí ṣe.

O lo ọjọ́ márùndínlógójì kí o tó dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan. Jọ̀wọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Karùn-ún.

Ọmọ mi,

Mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Mo pè ọ́ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń dún, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Mo mọ̀ pé ìpàdé pọ̀.

Mo ti gbé òdo sí àárín, mo ti gbé e padà sísàlẹ̀. Mo ti pààrọ̀ ipò gbogbo wọn, ohun tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá ló ń sọ fún gbogbo ènìyàn. Ó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ojú mi kò sì jẹ́ kí n lè wò ó pẹ́ mọ́, bí mo bá wò ó fún ìdajì wákàtí, àwọn lẹ́tà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ara wọn.

Bí o bá ń bínú sí mi, sọ ọ́. Bí kò bá sì jẹ́ ìbínú, kọ̀wé.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù Karùn-ún.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ìwé yìí. Ẹ wá ibi jókòó kí ẹ tó kà á.

Èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kọ iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà ni mo wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ ni mo ń gbá. Àjà mẹ́ta ni wọ́n fún mi, pẹ̀lú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti gíláàsì ojú fèrèsé. Ọdún kẹfà rèé. Mo lọ kọ́ iṣẹ́ náà nígbà tí mo dé, mo já nínú ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò sì gbà mí mọ́. Mo fẹ́ sọ fún yín nígbà náà, àmọ́ ẹ ti sọ fún gbogbo àdúgbò, wọ́n sì ti ń pè mí ní Ẹnjiníà. Mi ò rí ọ̀nà tí mà á gbà yọ orúkọ yẹn lọ́rùn.

Nígbà tí mo ní kí ẹ fi lẹ́tà kọ ọ́, ẹ̀tàn ni. Fóònù lè gbé e dáadáa. Mo mọ̀ pé lẹ́tà á pẹ́ lọ́nà ni, mo sì rò pé kó tó dé, ẹlòmíràn á ti bá yín tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ ìlà tó wúwo yẹn, inú orí mi ni mo ti mú un jáde. Bí ẹ bá ń pè, mo máa ń wo fóònù náà títí á fi dákẹ́.

Ọkùnrin kan wà ní àjà kejì tí mo máa ń pè ní Onífìlà nínú ọkàn mi, torí kì í ṣí fìlà rẹ̀. Ó máa ń kí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé lẹ́tà yín káàkiri nínú àpò aṣọ iṣẹ́ kí n tó lè dúró níwájú rẹ̀. Kò wò ó tó ìṣẹ́jú kan. Ó mú bírò, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sí ìparí ìlà case kọ̀ọ̀kan:

break;

Ó ní switch mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó ti máa dúró. Bó bá ti rí ìlà tó bá nọ́ńbà mu, á wọlé síbẹ̀, á sì máa ṣàn lọ sísàlẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, àfi bí ẹ bá sọ fún un pé kó dúró. Ohun tó bá bá gbẹ̀yìn ló máa wà lẹ́nu rẹ̀. Ìdí tí gbogbo yín fi kú nìyẹn, ìdí tí gbogbo yín fi lóyún náà nìyẹn. Ẹ má gbàgbé àmì tó tẹ̀lé e, àmì ìdúró tó jókòó sórí kọmá.

Ó tún sọ nǹkan kejì, nípa ẹni tó bá fi àpótí sílẹ̀ lófìfo àti òdo tí ẹ kọ yẹn. Kò yé mi. Ojú tì mí láti ní kó tún un ṣàlàyé, mo kàn ń mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mà á padà bi í. Mo fi èyí ránṣẹ́ ná kó má baà pẹ́ jù.

Ẹ dárí jì mí, bí ẹ bá lè ṣe é.

Ọmọ yín.


Ilé,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹfà.

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kọ́kọ́ fi break sí i kí n tó bínú.

Ó ṣiṣẹ́. Alábẹ́rẹ́ tẹ 2, ó rí yàrá eyín. Mo tẹ 1, ó ní kí n lọ sí yàrá ojú. Mo tẹ òdo, òkú dúró sí àyè òkú. Mo dìde, mo jó díẹ̀ láàárín fáìlì, mi ò fi pamọ́ fún ọ. Ọjọ́ méjì ni mo fi ní ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lọ́jọ́ ìdánwò, ẹni méje tẹ nọ́ńbà, ẹni méje ló rí yàrá wọn. Dókítà àgbà ti ń mi orí. Obìnrin kan wá wọlé, ó gbé abọ́ oúnjẹ dání fún ọkọ rẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́jọ́ méjì ṣáájú. Kò ní káàdì lọ́wọ́. Wọ́n ní kó lọ tẹ bọ́tìnnì bí àwọn yòókù, ó sì tẹ̀ ẹ́ láìkọ ohunkóhun sínú àpótí. Ó ka ohun tó rí sókè: “Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹni tó ni káàdì yìí ti di olóògbé.” Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ké pe ọkọ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo ń sọ pé ẹ̀rọ ló ṣì í, èmi ni mo kọ ọ́, kò gbọ́ mi rárá. Ọkọ rẹ̀ ló gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó dìde, ó ń bọ̀ wá bá a, ibi tí wọ́n rán ní ikùn rẹ̀ sì tú kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n ti tún un rán. Wọ́n ní kò ní kú. Dókítà àgbà kò pariwo mọ́ mi, ó dùn mí ju kó pariwo lọ. Ó ní, “Bàbá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ máa lọ sinmi.” Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá fáìlì lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tìrẹ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ilẹ̀ gbígbá kì í ṣe olè jíjà, èmi náà ti gbá ilẹ̀ ilé ìwòsàn yẹn kí wọ́n tó fún mi ní fáìlì. Ká ní o sọ fún mi ní oṣù Kejì, mà á ti wá ẹlòmíràn. O jẹ́ kí n dúró dè ọ́ nígbà tí ọjọ́ ń lọ. Ohun tó dùn mí nìyẹn, mi ò sì tíì mọ bí mà á ṣe mú un kúrò lọ́kàn. Ṣùgbọ́n èmi náà ni mo fi ọ́ fọ́nnu fún Dókítà. Bí orúkọ yẹn bá há ọ lọ́rùn, èmi ni mo so ó.

Kí ni nǹkan kejì tí ọkùnrin yẹn sọ? Ẹ̀pa kò bóró mọ́, mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó lé mi kúrò nídìí iṣẹ́ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Bàbá rẹ.


Ogúnjọ́, oṣù Keje.

Bàbá mi,

Mo kí yín. Mi ò mọ bí ènìyàn ṣe ń tọrọ àforíjì ohun tí ẹ kọ yẹn, mi ò sì ní díbọ́n pé mo mọ̀ ọ́n. Mo ti pa irọ́ tó fún yín.

Onífìlà ti lọ síbi iṣẹ́ mìíràn kí lẹ́tà yín tó dé. Mi ò rí ẹni bi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé, mo jókòó sórí àga rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jókòó níbẹ̀ nìyẹn láti ọdún mẹ́fà. Mo tẹ iṣẹ́ yín sínú kọ̀ǹpútà, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, mo fi àpótí sílẹ̀ lófìfo, ó sì kí èmi náà kú ará fẹ́ra kù. Àárọ̀ mẹ́rin ni mo fi wá a. Èmi fúnra mi ni mo rí i, Bàbá.

Ní irú PHP àtijọ́ tó wà nílé ìwòsàn yín àti nínú kọ̀ǹpútà tí mo lò, òfìfo àti òdo, ọ̀kan náà ni lójú switch. Kì í wò ó fínnífínní. Ẹni tí kò bá kọ nǹkan kan, ó kà á sí ẹni tó kọ òdo. Ìyàwó ọkùnrin yẹn kò sọ ohunkóhun, ẹ̀rọ sì ṣe bí ẹni pé ó sọ pé ọkọ òun ti kú. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ bèèrè kí ẹ tó dé ìdí switch:

if ($nomba === "") {
$oro = "Ẹ jókòó. Ẹ sọ orúkọ ẹni tí ẹ ń wá.";
} else {

kí switch yín wá tẹ̀ lé e bó ṣe wà, kí ẹ sì pa á dé pẹ̀lú àmì ìpadé kan sí i. Àmì dọ́gba náà, mẹ́ta ni. Mẹ́ta yẹn ló ń jẹ́ kó wò ó fínnífínní.

Ọjọ́ kẹrin ni ọ̀gá wọlé bá mi lórí àga náà. Wọ́n ti dá mi dúró. Ilé iṣẹ́ náà ló ni yàrá tí mò ń gbé, mà á kó jáde kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ má kọ̀wé sí àdírẹ́sì yìí mọ́. Bí mo bá ti rí ibi tí mà á wà, mà á kọ ọ́ sí yín.

Ọmọ yín.


Ilé,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá.

Ọmọ mi,

O ní kí n má kọ̀wé sí ibí yìí mọ́, ṣùgbọ́n o kò fún mi ní ibòmíràn. Fóònù rẹ kò dún mọ́. Mo kí ọ, níbikíbi tí o bá wà. Alábẹ́rẹ́ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, nítorí ojú ọ̀tún ti lọ, ti òsì sì ń tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ká ní mo tètè wá. Gbogbo ìgbà tí mo wà ní yàrá kejì sí yàrá ojú, mi ò ráyè.

Mo mú ìlà tí o kọ lọ sí ilé ìwòsàn. Mo sọ fún Dókítà àgbà pé ọmọ mi ló wá a rí, fúnra rẹ̀. Ó gbọ́ mi dé òpin pẹ̀lú sùúrù. Wọ́n ti ra òmíràn tó ti wà ní ṣíṣe látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti pa gbogbo tèmi rẹ́. Àwọn fáìlì ìwé náà ti lọ, wọ́n fi yàrá náà kó bẹ́ẹ̀dì tó ti kán sí.

Torí náà, ìwé ni mo fi ń ṣe é nílé. Díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ojú tó kù, ni mo fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ switch náà sínú ìwé ńlá, mà á mú nọ́ńbà kan, mà á sì máa fi ìka tọ àwọn ìlà rẹ̀ lọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe. Ìwé àkọ́kọ́ ni mò ń lò, èyí tí kò ní ìlà tìrẹ. Mo mú ti Alábẹ́rẹ́, ìka mi dúró ní yàrá eyín. Mo mú tèmi, ó dúró ní yàrá ojú. Mo mú ti ìyá rẹ, ó lọ síbi tó yẹ kó lọ. Ó wá ku ìwọ. O kò ní nọ́ńbà. Mo fi àyè rẹ sílẹ̀ lófìfo, ìka mi kọjá 1, ó kọjá 2, ó kọjá 3, ó dé ìdí òdo, ó dúró.

Mo mọ̀ pé àṣìṣe ni. Èmi ni mo kọ ọ́, mo mọ ibi tó ti ṣì í gan-an, o ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Síbẹ̀ mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí obìnrin yẹn ṣe jókòó.

Nígbà tí mo dìde, mo ya ìwé náà. Mo tẹ òmíràn, mo fi ìlà tìrẹ sókè rẹ̀ pẹ̀lú àmì dọ́gba mẹ́ta. Báyìí, bí mo bá fi àyè rẹ sílẹ̀ lófìfo, ó ń ní kí n jókòó, kí n sọ orúkọ ẹni tí mò ń wá. Mo ń jókòó, mo sì ń sọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ni, ọmọ mi, kò lè bá mi wá ọ, ibi tó mọ nìyẹn.

Bàbá rẹ.